Ẹjọ́ ọtí àti ọkọ̀ ní Texas: kí ni "wọ́n ti fagi lé e" túmọ̀ sí gan-an?

Ọ̀pọ̀ nínú yín tí ẹ wà lókè òkun ti ń bi mí nípa ọ̀rọ̀ kan tó ń mú àwọn ọmọ wa, pàápàá àwọn tó wà ní Houston. Mo ti ń sún un síwájú tipẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti wá gbà mí láyè báyìí kí n sọ tirẹ̀, bí mo bá ṣáà ti lè fi orúkọ rẹ̀ pamọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, mo fẹ́ rẹjú díẹ̀, ni fóònù dún. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ni, tó ń kàwé fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Texas.

"Ẹ káàsán sà, Prof. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Wọ́n gbé mi lóru àná. Ìsọmọlórúkọ la lọ. Wọ́n ní mo mutí wakọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba béèlì jáde ni sà."

Ohun mẹ́ta ni mo bi í. Ṣé ẹnikẹ́ni farapa? Ó ní rárá. Ṣé o fi owó lọ ọlọ́pàá náà? Ó ní, "Háà, rárá sà!" Mo ní a dúpẹ́. Ṣé o ti bá agbẹjọ́rò ibẹ̀ sọ̀rọ̀? Ó ní èmi ni òun kọ́kọ́ pè.

Mo jẹ́ kó yé e pé òfin ẹ̀rí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nílé, pé n kò ní àṣẹ láti gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò ní Texas. Mo lè là á yé e, ṣùgbọ́n n kò lè dúró fún un níwájú adájọ́. Ohun tí mo là yé e náà nìyí, mo kàn tò ó dáadáa sí i fún yín ni.

Owó kì í yanjú ẹ̀ níbẹ̀

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè mi kejì. Ẹni tó ti wakọ̀ nílé fún ogún ọdún, tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ "ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ká yanjú ẹ̀", ẹnu rẹ̀ lè yọ́ sọ ọ́ lóru ọjọ́ náà kó tó rántí ibi tó wà. Ní Texas, wíwakọ̀ lábẹ́ ọtí fún ìgbà àkọ́kọ́, láìsí ìpalára, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ló jẹ́ nínú ìwé òfin. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò ju ọjọ́ 180 lọ. Ṣùgbọ́n fífi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ òṣìṣẹ́ ìjọba, ọ̀ràn ńlá ni. Ọdún 2 sí 20 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ogún dọ́là pa ẹjọ́ oṣù mẹ́fà rẹ́ lè fi ra ẹjọ́ ogún ọdún.

Ka ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí ẹni tí wọ́n mú mọ̀ ni pé ẹjọ́ méjì ló bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ kan náà. Ọ̀kan wà ní ilé ẹjọ́ ọ̀daràn. Èkejì wà lórí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò gbà kí wọ́n yẹ òun wò, ọjọ́ 180 ni wọ́n máa fi gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó gbà, tí ẹ̀rọ sì ní ó ti kọjá ìwọ̀n, ọjọ́ 90 ni. Ìwé tí ọlọ́pàá fún un lóru ọjọ́ náà ni ìkìlọ̀ gan-an. Ó ní ọjọ́ 15 láti ìgbà tó gba ìwé náà láti kọ̀wé pé òun fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun. Bí ó bá jẹ́ kó kọjá, ní ogójì ọjọ́ sí ọjọ́ tó gba ìwé ni láísẹ́ǹsì náà á kú fúnra rẹ̀.

Àwọn agbẹjọ́rò fẹ́ràn ìgbẹ́jọ́ kékeré yìí fún ìdí mìíràn. Wọ́n lè ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá tó mú ènìyàn wá, kí wọ́n bi í léèrè lábẹ́ ìbúra, nígbà tí ẹjọ́ gidi kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá sọ níbẹ̀, kò lè yí i padà lọ́la.

Ọmọ mi ti lo ọjọ́ kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó pè mí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti rí agbẹjọ́rò.

Kí ni ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn?

Orí 49 ìwé òfin ọ̀daràn Texas ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Agbẹjọ́rò ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìwọ lo ń darí ọkọ̀, pé ibi tí gbogbo ayé lè dé ni, àti pé ọtí tàbí oògùn ti mú ọ lásìkò náà. Ọ̀nà méjì ni òfin fi ń mọ ẹni tí ọtí mú. Èkíní ni ẹni tí kò lè lo ọpọlọ tàbí ara rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́ nítorí ohun tó mu. Èkejì ni ẹni tí ìwọ̀n ọtí ara rẹ̀ dé 0.08, ìyẹn gíráàmù 0.08 nínú mìlílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò gbà kí wọ́n yẹ òun wò fi lè jẹ̀bi síbẹ̀, tí ẹni tó rò pé ojú òun dá wái náà sì lè jẹ̀bi.

Bí ìwọ̀n náà bá dé 0.15, ẹ̀ṣẹ̀ náà gòkè, ó di ọdún kan. Lẹ́ẹ̀kejì, ọdún kan náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ọ̀ràn ńlá, ọdún 2 sí 10. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá wà nínú ọkọ̀, ọ̀ràn ńlá ni láti ìgbà àkọ́kọ́. Yàtọ̀ sí owó ìtanràn tí adájọ́ máa kà sí i lọ́rùn, láti 2019 ni ìpínlẹ̀ ti ń gba $3,000 mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ń di $6,000 bí ìwọ̀n bá ti dé 0.15.

Ibi tí okùn ẹ̀rí ti lè já

Bí ẹjọ́ bá máa ṣubú, ibi mẹ́rin ni agbẹjọ́rò ti ń wá a.

*Ìdádúró.* Àwa tí a ti ìlú tí ọlọ́pàá ń fi igi dí ọ̀nà wá kì í ronú sí èyí. Ní Texas, ọlọ́pàá kò lè dí ojú ọ̀nà kó máa yẹ gbogbo awakọ̀ wò fún ọtí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà gbà á láyè ní 1990 nínú ẹjọ́ kan láti Michigan, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Texas ní bí aṣòfin ìpínlẹ̀ kò bá ṣe òfin fún un, kò sí àyè. Aṣòfin wọn kò sì tíì ṣe é. Nítorí náà ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ ní ìdí tó ṣe é tọ́ka sí kó tó dá ọ dúró. Bí kò bá ní, gbogbo ohun tó rí lẹ́yìn náà lè di òfo, nítorí òfin ìgbẹ́jọ́ Texas, abala 38.23, sọ pé ẹ̀rí tí a rú òfin kí a tó rí i kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹjọ́.

*Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.* Ìdánwò mẹ́ta ló wà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí. Wọ́n á ní kí o fi ojú tẹ̀ lé bírò láìmi orí. Wọ́n á ní kí o rin ìgbésẹ̀ 9 lórí ìlà, kí o yí padà, kí o tún rin 9. Wọ́n á ní kí o dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Nínú ìrìn náà, àmì 8 ni ọlọ́pàá ń ṣọ́. Bó bá ti rí 2 péré, o ti kùnà. Ẹ rò ó wò: àgbàlagbà tó ní làkúrègbé, tó wọ bàtà onígìgísẹ̀, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ́rẹ́, ní aago kan òru. Agbẹjọ́rò tó mọṣẹ́ á béèrè bóyá ọlọ́pàá tẹ̀ lé ìlànà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ibẹ̀ náà ni ẹnu ti ń kó bá ni. Àwọn ará wa gbàgbọ́ pé bí ọlọ́pàá kò bá ti ka ẹ̀tọ́ wọn sí wọn létí, ohun tí wọ́n sọ kò kà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1984, nínú ẹjọ́ Berkemer v. McCarty, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ pé ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ti ẹni tó wà ní àhámọ́. "Ìgò méjì péré ni mo mu, officer" máa dé iwájú adájọ́ gẹ́lẹ́ bí o ṣe sọ ọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fi láísẹ́ǹsì rẹ hàn wọ́n, sọ orúkọ rẹ, bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o ní o fẹ́ rí agbẹjọ́rò kí o tó dáhùn ìyókù.

*Èémí àti ẹ̀jẹ̀.* Kí wọ́n tó ní kí o fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ ní àgọ́, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà pẹ̀lú rẹ fún ìṣẹ́jú 15, nítorí bí o bá gùfẹ̀ tàbí bì, ọtí inú ikùn á gòkè wá sẹ́nu, ẹ̀rọ á sì kà á bí ẹni pé inú ẹ̀jẹ̀ ló wà. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ẹjọ́ Missouri v. McNeely ti 2013 ló fi ìlànà lélẹ̀: pé ọtí ń dín kù nínú ara kò tó fúnra rẹ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ ẹni tó kọ̀ láìgba ìwé àṣẹ adájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín. Adájọ́ lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ náà lóru, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ náà.

*Aago.* Ìgbà tí o ń wakọ̀ ni òfin ń bi, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ara máa ń gba ọtí díẹ̀díẹ̀, ó sì ń lé e jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó mu ìgò ìkẹyìn tó sì wọ mọ́tò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọtí ara rẹ̀ ṣì lè máa gòkè nígbà tí wọ́n dá a dúró. Ní 2001, nínú Mata v. State, ilé ẹjọ́ ọ̀daràn tó ga jù ní Texas sọ pé onímọ̀ tó bá fẹ́ ka ìṣirò náà sẹ́yìn gbọ́dọ̀ mọ nǹkan nípa ẹni náà: ìgbà tó mu ún, bó ṣe tẹ̀wọ̀n tó, ohun tó jẹ. Nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí wọ́n gbà ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ìwakọ̀, kò rọrùn láti kà sẹ́yìn.

Gbogbo fídíò àti ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, agbẹjọ́rò rẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí i. Òfin tó fìdí èyí múlẹ̀ ní Texas láti 2014 ń jẹ́ orúkọ Michael Morton, ọkùnrin tó lo nǹkan bí ọdún 25 lẹ́wọ̀n fún ikú ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òfin yẹn ló jẹ́ kí a lè gbọ́ ẹnì kejì.

Ti ọmọ mi ńkọ́?

Agbẹjọ́rò rẹ̀ gba fídíò náà. Ó wò ó, ó sì pè é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ rẹ̀ yà kúrò nínú ìlà tirẹ̀, ó hàn gedegbe. Ìdádúró náà tọ́. Ọmọ mi ti kọ̀ láti fẹ́ ẹ̀rọ, nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ti sọ fún un rí pé "má fẹ́ ẹ láéláé". Adájọ́ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí méjì lẹ́yìn ìdádúró. Ó jẹ́ 0.11.

A lè jiyàn lórí aago yẹn. Níwájú júrì ẹlẹ́ni mẹ́fà, bí gbogbo wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan, wọn kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n fídíò náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Agbẹjọ́rò rẹ̀ kò tàn án. Ó ní, "Ẹjọ́ yìí kì í ṣe èyí tó máa ṣubú. Ohun tí a lè dúnàá dúrà lé lórí ni."

Ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀sùn fi ń dín kù

Ọ̀nà kìíní ni kí agbẹjọ́rò ìjọba pààrọ̀ ẹ̀sùn náà. Ní Texas, dídí ojú ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí. Ó ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọtí kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹ̀rí ìjọba ti mẹ́hẹ ni wọ́n ti máa ń gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ìdádúró ìdájọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 2019, ẹni tí ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dé 0.15, lè gbà níwájú adájọ́ pé òun jẹ̀bi, kí adájọ́ má kéde ìdálẹ́bi, kó fi í sábẹ́ ìṣọ́. Bó bá ṣe dáadáa, wọ́n á fagi lé ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá tún ṣẹ̀ lọ́la, wọ́n á kà á sí ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀nà kẹta ni àdéhùn kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní diversion. Níhìn-ín, kò sí pé o gba ẹ̀bi níwájú adájọ́. Ìwọ àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìjọba lẹ jọ ṣàdéhùn: kíláàsì, àyẹ̀wò ọtí, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tí o gbọ́dọ̀ fẹ́ èémí sí kí ọkọ̀ tó ṣíná. Bí o bá mú un ṣẹ, wọ́n á fa ẹjọ́ náà yọ. Kì í ṣe gbogbo kaúńtì ló ń ṣe é, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fún.

Ọ̀nà kejì ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ ọmọ mi. Inú rẹ̀ dùn, ó pè mí: "Prof, wọ́n ní tí mo bá ṣe dáadáa, wọ́n á fagi lé e!" Mo ní, "Dúró ná. Irú físà wo lo ní lọ́wọ́?"

Etí kejì tó ń gbọ́ ẹjọ́

Ibi tó ń dun àwọn ọmọ wa jù nìyí. Ohun tí Texas pè ní "kò sí ìdálẹ́bi", òfin àpapọ̀ lórí àwọn àjèjì lè pè é ní ìdálẹ́bi. Lójú àwọn imigíréṣọ̀n, bí o bá ti gbà pé o jẹ̀bi, tàbí o ní o kò jiyàn, tí adájọ́ sì fi ọ́ sábẹ́ ìyà tàbí ìṣọ́ èyíkéyìí, ìdálẹ́bi ni. Ìdádúró ìdájọ́ bọ́ sínú èyí pátápátá. Ìwé Texas á sọ pé ó ti parí. Ìwé Washington á sọ pé ó ṣì wà.

Kí n má dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 2004, nínú Leocal v. Ashcroft, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé wíwakọ̀ lábẹ́ ọtí lásán, kódà tí ẹnì kan farapa níbẹ̀, kì í ṣe ìwà ipá tí òfin ń lé ènìyàn jáde fún. Ṣùgbọ́n láti 2019, nínú Matter of Castillo-Perez, ẹni tó bá ní ìdálẹ́bi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò tí wọ́n ń wo ìwà rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbà pé kì í ṣe ọmọlúàbí, òun ló kù tí yóò fi hàn pé òun jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù ẹni tó fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà sì ń béèrè bóyá wọ́n ti mú ọ rí, kódà bí ilé ẹjọ́ bá ti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Nítorí náà ni ẹjọ́ Padilla v. Kentucky ti 2010 fi ṣe pàtàkì. Ó sọ pé agbẹjọ́rò ọ̀daràn gbọ́dọ̀ sọ fún àjèjì tó ń gbà ẹjọ́ rẹ̀ rò bóyá gbígba ẹ̀bi lè lé e kúrò nílùú. Ẹ béèrè. Ẹ má dúró dè é kó rántí.

Ọmọ mi san owó agbẹjọ́rò kejì, ti imigíréṣọ̀n. Onítọ̀hún ní kó má gba ìdádúró ìdájọ́. Wọ́n padà lọ dúnàá dúrà, wọ́n rí ọ̀nà kẹta gbà, agbẹjọ́rò kejì yìí sì ka àdéhùn náà láti òkè délẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i. Ọdún kan gbáko ni. Ó fẹ́ èémí sí ẹ̀rọ láràárọ̀ kó tó lọ sí yàrá ìwádìí. Ó parí rẹ̀. Wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà.

Ohun tí wọn kò fagi lé

Ṣùgbọ́n kí oṣù méjì tó pé lẹ́yìn tí wọ́n mú un, ẹ́nbásì ti kọ̀wé sí i lórí ímeèlì pé àwọn ti fagi lé físà inú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Wọn kò dúró de adájọ́. Mímú tí wọ́n mú un nìkan ti tó. Ó lè dúró kó máa kàwé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bó bá jáde, ó gbọ́dọ̀ gba físà tuntun kó tó padà wọlé, kí dókítà tí ẹ́nbásì yàn sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ọ̀rọ̀ ọtí.

Ní oṣù kẹjọ àdéhùn náà, bàbá rẹ̀ kú ní Òṣogbo. Òun ni àkọ́bí. Ọdún kan ló kù kó gba oyè. Ó bi mí pé, "Prof, ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe?" N kò rí èsì fún un. Orí fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe sọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló da erùpẹ̀ lé pósí níbi tó yẹ kí ọwọ́ tirẹ̀ wà.

Ẹnì kan nínú yín á bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ́ ẹni tó mutí wakọ̀ bí yóò ṣe bọ́. Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ ń kọ́ni ní ilé ìwé kan náà, awakọ̀ tó ti mu paraga yó ní gáréèjì ló pa á, bó ṣe ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó. N kò tíì gbàgbé ọjọ́ náà, mi ò sì lè gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó bí júrì lórí awakọ̀ yẹn, màá béèrè ohun kan náà: ẹ fi ẹ̀rí hàn, ẹ rí i bó ṣe tọ́. Òfin tí kò bá bi ìjọba léèrè lórí ẹni tó jẹ̀bi kò ní rántí bi í léèrè lórí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Morton lè jẹ́rìí sí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n adájọ́ kò lè fagi lé ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú títì. Bí ọkọ̀ yẹn bá yà lẹ́ẹ̀kẹta, tó sì pa ẹnì kan, orúkọ ẹ̀sùn náà á yí padà, ọdún 2 sí 20, kò sì ní sí diversion kankan fún un. Ọmọ mi mọ èyí. Nígbà tó pè mí lọ́jọ́ tí wọ́n fa ẹjọ́ náà yọ, mo retí kó yọ̀. Ó kàn ní, "Sà, owó Uber láti ibi ìsọmọlórúkọ yẹn dé ilé mi, kò tó ọgbọ̀n dọ́là."

Ẹ kí ara yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kó wá agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ tó wà, kó sì tètè ka ọjọ́ tó wà lórí ìwé rẹ̀.